Awò Kékeré Ìdí Bukva

Bí ẹ bá ń bọ̀ ní Podgrič, abúlé wa, ní ìdájí, tí ẹ pàdé ọkọ̀ wàrà kan tó gùn bí ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì dà bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ń wà á, ẹ má bẹ̀rù. Ẹnì kan ń wà á. Zalka ni. Orí rẹ̀ ni kò fi bẹ́ẹ̀ yọ lójú fèrèsé. Ó kúrú débi pé bí òun àti Nace ọkọ rẹ̀ bá jọ dúró, ìgbọ̀nwọ́ Nace ló máa ń bá sọ̀rọ̀. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń kó wàrà láti oko dé oko títí dé ẹsẹ̀ òkè, kò sì pẹ́ dé ibì kankan rí. Lókè ojú rẹ̀ ọ̀tún, àpá kan wà níbẹ̀ tó tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ẹ má bi í níbi tó ti rí i. Èmi á sọ fún yín.

Ọdẹ ni Ciril, bàbá rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi dúró sí ibùba kan ṣoṣo nígbàkigbà tí ẹgbẹ́ ọdẹ wa bá ń lé ìmàdò nínú oṣù kọkànlá. Ìdí Bukva là ń pe ibẹ̀, nítorí igi bukva arúgbó kan tí inú rẹ̀ ti jẹrà, tí ènìyàn lè wọ inú ihò rẹ̀ jókòó bí òjò bá ń rọ̀. Iwájú ihò yẹn gan-an ni àwọn ìmàdò máa ń gbà sá lọ. Ẹni tí wọ́n bá fún ní Ìdí Bukva, àga iwájú ni wọ́n fún un. Nígbà tí Ciril kú, gbogbo wa ti gbà pé Feliks ló kàn, torí òun ni ọkọ ọmọ olórí ẹgbẹ́ ọdẹ. Feliks pàápàá ti mọ ẹ̀ka igi tó máa fi kóòtù rẹ̀ kọ́. Àfi bí Zalka ṣe lọ jókòó ṣe ìdánwò ọdẹ. Ó yege. Ó gbé ìbọn bàbá rẹ̀ kọ́ èjìká, ó wá síwájú ilé ọdẹ, ó ní òun wá gba àyè bàbá òun. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta ni nígbà náà, kò sì tíì sí obìnrin kankan nínú ẹgbẹ́ náà rí.

Bolte ni olórí ẹgbẹ́ ọdẹ. Ó ga, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, bó bá sì ń kí ènìyàn káàárọ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé ó ń ka òfin. Ó wo Zalka. Ó wo ìbọn. Ó tún wo Zalka, torí ìbọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ga jù.

"Ó dáa," ó ní. "Ciril ni mo bọ̀wọ̀ fún o."

Nígbà tí Zalka pa àgbọ̀nrín rẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ṣe é fún un bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún gbogbo ọdẹ tuntun. Wọ́n ní kó dojú bolẹ̀ lórí ẹran náà, Bolte sì fi ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́ nà án nídìí lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀kan fún igbó, ọ̀kan fún ẹran, ọ̀kan kó má baà gbàgbé. Ẹ̀rín ni gbogbo ènìyàn ń rín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹ̀bùn jáde nínú àpótí: awò ìbọn, irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́ òkè ìbọn, tí ọdẹ máa ń gba inú rẹ̀ wo ẹran kó tó yìn ín.

Ẹ jẹ́ kó yé yín pé lọ́dọ̀ wa, awò tí ẹgbẹ́ ọdẹ bá fún ènìyàn ti kúrò ní awò lásán. Òrùka ìgbéyàwó ni. Ẹni tó bá bọ́ ọ, kó ti ní àlàyé lẹ́nu. Bolte fúnra rẹ̀ ló yàn án, ó sì yan èyí tó tóbi jù nínú ìwé, torí bí ẹnu awò bá ṣe fẹ̀ tó ni ẹgbẹ́ wa ṣe ń fi hàn pé àwọn fẹ́ràn ènìyàn tó. Ìlọ́po mẹ́jọ ló fi ń fa nǹkan súnmọ́ni. Ẹnu rẹ̀ níwájú fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, bí ẹnu ife kọfí àwọn tí kì í sùn. Wọ́n fín orúkọ Zalka sí i lára. Nígbà tí wọ́n dè é mọ́ ìbọn Ciril, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn gbé ìkòkò ọbẹ̀ ka orí igi ìgbálẹ̀. Gbogbo wa rí i, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Zalka dúpẹ́, omi lé ròrò sí i lójú, ó gbé e lọ sílé.

Ọdún kejì, nínú oṣù kọkànlá, àgbà ìmàdò kan jáde síwájú Ìdí Bukva. Ó súnmọ́ débi pé Zalka lè ju búrẹ́dì sí i. Ó gbé ìbọn sókè. Awò náà tóbi, òkè réré ni wọ́n sì ní láti dè é sí kí ẹnu rẹ̀ tó lè yẹra fún ọ̀pá ìbọn. Nítorí náà ẹ̀rẹ̀kẹ́ Zalka kò kan igi ìdí ìbọn rárá. Ó na ọrùn bí adìyẹ tó ń mumi. Ó wá ìmàdò, ó wá ìmàdò, ó rí i. Irun ló rí. Irun dúdú, tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa, ló kún inú awò láti etí dé etí. Kò mọ̀ bóyá èjìká ni, kò mọ̀ bóyá ìdí ni, kò mọ̀ bóyá àpò èédú ni. Ó yìn ín. Ọta wọ igi lọ. Ìbọn ta padà, etí awò sì gé e lókè ojú. Ìmàdò lọ sílé rẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ ìdẹ là ń pè ní ìlé ìkẹyìn, torí ìkòkò ni gbogbo ènìyàn ń lé lọ́tẹ̀ yìí. Níbi ìlé ìkẹyìn ọjọ́ náà ni Bolte ti dìde, tó fi ṣíbí kan ife.

"Zalka, lọ́dún tó ń bọ̀, ìwọ náà lo ṣì ni Ìdí Bukva. Àmọ́ bí o bá tún ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀, Feliks á bọ́ síbẹ̀, ìwọ á sì máa bá àwọn tó ń lé ẹran la ẹ̀gún kọjá. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá Bolte." Aṣọ ìnuwọ́ ló fi di ojú mú, ẹ̀jẹ̀ ti rin ín. "Ẹ má jẹ́ kí Feliks ra kóòtù tuntun o. Mi ò ní kúrò níbẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Oṣùlé. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn gbé ìbọn lọ sí pápá ìyìnbọn ẹgbẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, ó ń yin bébà ní ọgọ́rùn-ún mítà, ó sì ń bà á láàárín ní gbogbo ìgbà. Ìyẹn gan-an ló ń dà á láàmú.

"Bí mo bá lè ba ohun tó jìnnà," ó bi Nace níbi oúnjẹ àárọ̀, "báwo ni mo ṣe tàsé ohun tó dúró síwájú mi?"

"Bóyá ó yẹ kí ìmàdò sún sẹ́yìn díẹ̀," ni Nace dá a lóhùn. Ẹnu rẹ̀ kún fún búrẹ́dì. "Kọ lẹ́tà sí i."

Ìdáhùn tòótọ́ dé nínú oṣù kẹsàn-án, nínú àgbàlá oko kan tó há bí àpò ṣòkòtò. Zalka ń fi ọkọ̀ wàrà rìn sẹ́yìn. Dígí méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré tó yọ ikùn. Inú dígí ńlá, ilẹ̀kùn abà ló kún ibẹ̀, ó ṣe kedere, ó rí ìṣó ara rẹ̀ pàápàá. Inú dígí kékeré, ohun gbogbo kéré, àmọ́ ohun gbogbo wà níbẹ̀: abà, kànga, kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbé ti ògiri, àti adìyẹ kan tó ń rìn lọ sábẹ́ táyà bí ẹni tí kò ní ẹbí. Zalka tẹ bíréèkì. Ó jókòó síbẹ̀ títí olóko fi jáde wá bèèrè bóyá ara rẹ̀ ò yá.

"Ara mi yá," ó ní. "Dígí ńlá ni mo gbé lọ sínú igbó."

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù Urban nílùú. Awò ìbọn àti awò ojú ni Urban ń tà, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, kì í sì yára dá ènìyàn lóhùn.

"Ẹ káàsán o, Ọ̀gá Urban. Awò ìbọn ni mo wá rà."

"Irú wo?"

"Èyí tó dáa."

"Gbogbo wọn ló dáa. Ìyàwó mi náà dáa, àmọ́ mi ò lè gbé e kọ́ ẹnu ọ̀nà bí ilẹ̀kùn. Níbo lo máa ń dúró sí?"

"Ìdí Bukva."

"Mi ò bi ọ́ ní orúkọ ibẹ̀. Báwo ni ẹran ṣe máa ń jìnnà sí ọ tó?"

"Ó jìnnà díẹ̀."

"Díẹ̀ ò sí lára rúlà. Ṣé ó ń sáré ni àbí ó dúró?"

"Ajá ló ń lé e bọ̀, Ọ̀gá. Ṣé ó máa dúró kí mi ni?"

Urban rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì ti ilẹ̀kùn àpótí awò padà. "Máa lọ sílé. Bó o bá ti wọn ibẹ̀, padà wá. Mi ò ní ta nǹkan fún ẹni tí kò mọ ohun tó fẹ́ wò."

Ẹlòmíràn ì bá bínú. Zalka lọ sílé lọ wá okùn. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, òun àti Nace gòkè lọ sí Ìdí Bukva pẹ̀lú okùn tí wọ́n fi ń so ọmọ màlúù, wọ́n ti ta kókó sí i ní mítà kọ̀ọ̀kan. Zalka jókòó sínú ihò igi, Nace ń fa okùn lọ. Títí dé àpáta, mítà méjìlélógún. Títí dé kòtò, márùndínlógójì. Títí dé àlàfo tó kẹ́yìn láàárín àwọn igi, mọ́kànlélógójì. Lẹ́yìn ìyẹn ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, orí igi nìkan lojú ń rí. Zalka kọ gbogbo rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀.

"Mọ́kànlélógójì péré?" Nace pariwo látọ̀hún. "Mo lè tutọ́ dé ibí láti ọ̀dọ̀ rẹ."

"O ò lè tutọ́ dé inú bàsíà. Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́. Máa ká okùn bọ̀."

Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, Urban ka ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni ń ka lẹ́tà ìjọba. Ó gbé awò kékeré kan kalẹ̀. Kò ní orí ńlá níwájú rárá, ó rí gbọọrọ bí fèrè, ẹnu rẹ̀ kò ju mìlímítà mẹ́rìnlélógún lọ. Agbára rẹ̀ ṣeé yí: láti ìlọ́po kan dé ìlọ́po mẹ́fà.

"Ìlọ́po kan?" Zalka ní. "Ìyẹn ni pé kò fa nǹkan kan súnmọ́ mi?"

"Kò fà á. Ẹran tó wà ní mítà méjìlélógún ti súnmọ́ ọ tó, kí lo tún ń fà á ṣe, ṣé o fẹ́ gbá a mọ́ra ni? Èyí tí wọ́n fún ọ, ní ibi àpáta yẹn, igbó tó tó mítà mẹ́ta ló ń fi hàn ọ́. Èyí, ó lé ní mẹ́jọ. La ojú méjèèjì, gbé àmì inú rẹ̀ lé e, ó tán."

Àmọ́ Zalka kì í ra ohun tí kò tíì bèèrè gbogbo ìdí rẹ̀. Nínú oṣù kẹjọ ó tún máa ń jókòó lórí pẹpẹ ọdẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko àgbàdo ní ìrọ̀lẹ́, ìbọn kan ṣoṣo ló sì ní.

"Bí ilẹ̀ bá wá ń ṣú ńkọ́? Gbogbo ilé ọdẹ ló ń sọ pé ẹnu ńlá ló ń gba ìmọ́lẹ̀."

"Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?"

"Mẹ́tàdínláàádọ́ta. Kí ló kan ọjọ́ orí?"

"Òun ló kàn jù. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ."

"Méje."

"Ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde sí ọ lójú fẹ̀ tó mìlímítà méje. Ọmọ ogún ọdún ni ẹyinjú rẹ̀ máa ń là tó bẹ́ẹ̀. Tìrẹ, bó bá dé mẹ́fà, lọ tan àbẹ́là ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyókù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ ló ń dà sí. Ó dáa, kékeré yìí, yí i sí mẹ́rin. Mẹ́rìnlélógún, pín in sí mẹ́rin."

"Mẹ́fà," ni Zalka sọ. Ọ̀rọ̀ táńkì wàrà ni Urban ń bá a sọ, kò sì sí ohun tí Zalka mọ̀ tó táńkì. Bó ti wù kí páìpù fẹ̀ tó, ohun tí táńkì gbà ló gbà.

"Gbé e lọ títí di Mọ́ńdè," Urban ní. "Mi ò gba ohun ìdógò. Gbogbo ènìyàn ló mọ ilé rẹ, ọkọ̀ yẹn ló dí ojú ọ̀nà."

Bí Nace ṣe di ìmàdò nìyẹn. Zalka ti ìbọn mọ́ inú àpótí irin. Awò méjèèjì nìkan ló kó jáde sí ọgbà èso, torí kò sí ìyàwó gidi tó máa na ìbọn sí ọkọ rẹ̀, ó kéré tán kì í ṣe lọ́jọ́ Sátidé. Ó wọn mítà méjìlélógún, ó ní kí Nace da búláńkẹ́ẹ̀tì dúdú bo ara, kó sì sáré kọjá láàárín igi ápù.

"Tẹ̀ síwájú díẹ̀. Ìmàdò kì í rìn lórí ẹsẹ̀ méjì."

"Ìmàdò kò ní ìrora ẹ̀yìn."

"Sáré, Nace."

Nace sáré. Ó tún fi ohùn ìmàdò kún un láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Zalka gbé awò ńlá sójú, ó wá a, ó wá a, ó rí ewé, ó rí ewé mìíràn, nígbà tó fi máa bá a, Nace ti dé ìdí igi tó kẹ́yìn.

"Kí lo rí?" Nace ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Irun. Bóyá búláńkẹ́ẹ̀tì ni. Padà lọ."

Ó gbé awò kékeré sójú, ó la ojú méjèèjì. Nace tún sáré. Lọ́tẹ̀ yìí ọwọ́ Zalka kò wá ohunkóhun. Ó rí Nace látòkè délẹ̀, ó rí igi ápù tó fẹ́ fi orí gbá kó tó gbá a, ó sì rí ẹnìkan lẹ́nu géètì lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Ọ̀gá Pòsítà," Zalka ní, kò gbé awò kúrò lójú.

Ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà dúró sí ẹnu géètì, ó wo Nace lábẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì. "Ṣé kí n padà wá lọ́la?"

"Rárá, ẹ fi lẹ́tà síbẹ̀," ni ìmàdò dáhùn.

Ní alẹ́ ọjọ́ yẹn ni apá tó le jù wá. Zalka tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó gbé ìbọn lé e, ó tú ìdè àkọ́kọ́, ó sì dúró. Orúkọ rẹ̀ wà lára awò ńlá náà. Àwọn tó dá owó rẹ̀ jọ, òun ló ń gba wàrà ìdajì nínú wọn. Ó mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Ó fi àtàǹpàkò tẹ àpá ojú rẹ̀ díẹ̀, bí ẹni ń tẹ agogo ilé onílé, ó tú ìyókù. Ó wé awò ńlá sínú sìkáàfù tí bàbá rẹ̀ máa ń wé mọ́rùn, ó gbé e sínú dúrọ́ọ̀. Ó de kékeré sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé igi ìdí ìbọn. Ó bá a mu. Ó jọ pé Ciril fi igi náà pamọ́ dè é.

Ọjọ́ ìdẹ dé pẹ̀lú kùrukùru. Ní iwájú ilé ọdẹ, olúkúlùkù de ọ̀já pupa mọ́ fìlà, wọ́n ń kí ara wọn bí a ṣe ń kíra, "Ojú á ríran o," "Ojú á ríran." Bolte ka òfin: ẹ má yin abiyamọ, ẹ má yìnbọn sí apá ibi tí àwọn tó ń lé ẹran ti ń bọ̀, ẹni tó bá sì yìnbọn lu ajá, kó gba ibẹ̀ lọ sílé, kó má wá jẹun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Brina wà, ajá rẹ̀ pupa kékeré, tí gbogbo abúlé mọ̀ pé ó fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn àna rẹ̀ lọ. Ìgbà tó ka òfin tán ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìbọn Zalka.

Gbogbo ènìyàn yíjú síbẹ̀. Feliks ló kọ́kọ́ la ẹnu.

"Oṣùlé, ta ló gé orí awò rẹ?"

"Ìwọ ò ní orí tẹ́lẹ̀, a kò sì bèèrè," Zalka dá a lóhùn.

Bolte kò rẹ́rìn-ín. "Níbo ni ẹ̀bùn wa wà?"

"Ó wà nílé, Bàbá Bolte, nínú sìkáàfù bàbá mi. Mi ò tà á, mi ò sì ní tà á. Àmọ́ mítà mọ́kànlélógójì ni Ìdí Bukva gùn mọ, mo fi okùn wọ̀n ọ́n. Ohun tí mo lè fi rí gbogbo ibẹ̀ ni mo gbé wá."

"Fèrè lo gbé wá."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ fọn ọ́n nígbà náà."

Bolte wò ó pẹ́. Ó sọ pé, "Ohun tí mo sọ lọ́dún tó kọjá, mo ṣì wà lórí rẹ̀," ó sì yí ẹ̀yìn padà. Feliks ni wọ́n fún ní ibùba tó tẹ̀lé ti Zalka, lókè díẹ̀, níbi tó ti lè máa wò ó.

Zalka dúró síwájú ihò igi. Ó yí awò sí ìlọ́po kan. Fèrè ọdẹ dún lọ́nà jíjìn, lẹ́yìn náà ni igi tí àwọn tó ń lé ẹran ń gbá mọ́ igi, lẹ́yìn náà ni ohùn ajá. Omi ń kán láti ara ẹ̀ka sí i lọ́rùn, kò nù ún. Ó gbọ́ kí ó tó rí: ewé gbígbẹ ń fọ́, ìmí wúwo kan ń bọ̀.

Àgbà ìmàdò jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta. Ó tóbi bí àga ìjókòó ẹni mẹ́ta. Bóyá èyí tọdún tó kọjá ni, bóyá òun kọ́. Zalka kò ní àyè láti bi í. Ìbọn ti wà ní èjìká, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti wà lára igi, àmì inú awò ti jókòó sẹ́yìn etí ẹran náà gẹ́lẹ́. Ìka rẹ̀ ti kan ohun tí ìka ń fà. Ọdún kan gbáko, àpá kan, orúkọ ìnagijẹ kan, gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ ìka yẹn.

Ó rí nǹkan pupa kan ní igun ìsàlẹ̀ awò. Ó kéré, ó ń yọ, ó ń wọlé, nínú ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ìmàdò, ní apá ọ̀hún. Brina ni. Kò gbó mọ́, torí ẹnu rẹ̀ ti súnmọ́ iṣẹ́.

Zalka ká ìka rẹ̀ kúrò. Ìmàdò náà kọjá níwájú rẹ̀, mítà méjìlélógún, gbogbo gígùn ara rẹ̀ bí ẹni ń yan níwájú ọba, ó wọ kòtò, ó lọ, ajá sì tẹ̀lé e. Lókè, Feliks wú ikọ́ tí kò ṣe é.

Kò tó ìmí mẹ́wàá, ọ̀dọ́ ìmàdò méjì já jáde, wọ́n ń sáré tẹ̀lé ara wọn. Zalka kò mì. Ó jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ lọ, ó wo ẹ̀yìn ìkejì, ó wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ewé àti ilẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Ó gbé àmì síwájú díẹ̀, ó yìn ín. Ẹran náà fi imú gbá ilẹ̀ létí kòtò, kò dìde mọ́. Ìbọn ta padà, ó sì kàn tì í léjìká bí ọ̀rẹ́.

Nígbà tí fèrè dún pé ìlé ti parí, Feliks ló kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀. Bolte dé láti òdìkejì.

"Bàbá, ó jẹ́ kí àgbà ìmàdò lọ," Feliks ní. "Iwájú rẹ̀ ló gbà, mo rí i. Ó kàn ń wò ó bíi pé àwòrán ni. Ẹni tí kò yìn ín àti ẹni tó tàsé, ọ̀kan náà ni."

"Ó ṣe tó o fi jẹ́ kó lọ?" Bolte bi Zalka.

"Brina wà lẹ́yìn rẹ̀. Lápá ọ̀hún, níbi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn."

"Mi ò rí ajá kankan," Feliks ní.

"Mo mọ̀ pé o ò rí i. Mẹ́jọ ni awò rẹ."

Bolte rìn lọ síbi àpáta, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń dún. Ipasẹ̀ ìmàdò náà jinlẹ̀ níbẹ̀, omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sun sínú rẹ̀. Nínú ipasẹ̀ ẹ̀yìn, ọwọ́ ajá kékeré kan tẹ̀ síbẹ̀, ó mọ́ rekete. Ó fi ìka méjì kàn án. Ó kúnlẹ̀ pẹ́ débi pé Zalka rò pé kò lè dìde mọ́, ó sì na ọwọ́ sí i. Bolte di ọwọ́ náà mú, ó dìde.

Ó já ẹ̀ka igi kan tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́, ó fi kan ọgbẹ́ ẹran tó ṣubú, ó gbé e lé orí fìlà tirẹ̀, ó sì na fìlà náà sí Zalka, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń fi fún ẹni tó pa ẹran. Ó ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń kà síbẹ̀. Zalka mú ẹ̀ka náà, ó há a mọ́ ọ̀já fìlà rẹ̀.

"Iṣẹ́ ò tíì parí," ó sọ. "Ẹ pe Brina, kó tó sá tẹ̀lé e dé orílẹ̀-èdè míì."

Níbi ìlé ìkẹyìn, kábéèjì kíkan wà, ẹran wà, búrẹ́dì dídùn potica tí ẹ̀pà wà láàárín rẹ̀ wà, Brina sì ń sùn lórí bàtà Bolte. Olórí ẹgbẹ́ gbé ìwé ibùba jáde, ó kọ orúkọ síwájú Ìdí Bukva, ó yí ìwé náà sí Feliks kó lè kà á. Feliks kà á. Ó ní inú ihò yẹn tutù púpọ̀, òun ò tilẹ̀ fẹ́ ẹ mọ́.

Bolte ju ọwọ́ sí Zalka. "Yọ nǹkan yẹn kúrò lórí ìbọn, jẹ́ kí n rí i."

Zalka yọ awò kékeré, ó gbé e fún un, ó sì ròyìn ohun tí Urban sọ nípa ẹyinjú àti ọjọ́ orí. Bolte gbé e sójú, ó yí i sí tábìlì láti òkè dé ìsàlẹ̀, láìyára.

"Mo rí gbogbo yín," ó ní. "Feliks, gbé potica yẹn padà síbi tó o ti mú un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí Brina fi jí. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Bolte tẹ orí sí etí Zalka, ohùn tó ti ń ka òfin láti òwúrọ̀ wá lọ sílẹ̀ bí ti ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹyinjú ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ńkọ́, mélòó ló máa ń là tó?"

"Ẹ lọ bi Urban, Bàbá Bolte. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ lọ wọn ibùba yín," ni Zalka ní. "Mo lè yá yín ní okùn. Àmọ́ mi ò lè yá yín ní Nace, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun."